Òòyì Tó Dá Wá àti Èyí Tó Kó Ẹgbẹ́ Wá

Mo sọ ọ̀rọ̀ yìí níwájú ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì kan ní Ìbàdàn, ní ọ̀sẹ̀ tí Ọjọ́ Rọpárọsẹ̀ Àgbáyé, 29 oṣù Ọ̀wàrà, bọ́ sí. Àwọn tí kò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìpàdé. Alága ti sọ fún mi pé òjò ń ṣú, kí n má pẹ́. N kò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ bàbá mi fún yín.

Mo wà ní ọdún kẹrin ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn nígbà náà, mo wá lo ìsinmi nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá ń jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín, ó ní òòyì ń kọ́ òun. A ò tíì dá a lóhùn tí ṣíbí fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni tó gbé iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ìyá mi bu omi tútù sí i lórí, èmi di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò tó ogún ìṣẹ́jú tí gbogbo rẹ̀ fi lọ. Bàbá jókòó dáadáa, ó ní kí wọ́n bá òun mú ṣíbí mìíràn wá, ó sì jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán. Lọ́sàn-án a mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ládùúgbò. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n fún un lóògùn ibà, wọ́n ní kó lọ sinmi. Èmi tí mò ń kàwé ìṣègùn gbà bẹ́ẹ̀, inú mi tilẹ̀ dùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, Bàbá jí, apá ọ̀tún kò gbé, ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé. Kò pe orúkọ mi mọ́ títí ó fi lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nídìí ẹ̀kọ yẹn ní orúkọ. Rọpárọsẹ̀ kékeré ni. Àwa dókítà ń pè é ní TIA. Ẹ̀jẹ̀ tó dì ló wá dí ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ, ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yọ́, ẹ̀jẹ̀ tún rí ọ̀nà kọjá. Nítorí náà ni ara fi padà bọ̀ sípò. Ibi tó sì ti ń tan ènìyàn jẹ nìyẹn, nítorí a mọ̀ pé ohun tó bá ti lọ ti tán. Èyí kò tán. Ohun tó mú ẹ̀jẹ̀ náà dì ṣì wà níbẹ̀. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe tìtorí ọ̀rọ̀ bàbá mi lọ máa sùn pẹ̀lú ẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ òòyì tó ń kọ́ àwa ènìyàn kì í ṣe ti rọpárọsẹ̀ rárá. Mo fẹ́ kí a mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì. Kí ẹni tó ní òòyì lásán má ná owó rẹ̀ dànù, kí ẹni tí ikú kan ilẹ̀kùn rẹ̀ má sì máa mu oògùn ibà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní, òòyì, àìsàn tó fara pamọ́ sábẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Ẹnì kan á ní òòyì ń kọ́ òun, ohun tó ń sọ ni pé ilé ń yí po. Ẹlòmíràn á sọ ọ́, ojú rẹ̀ ló ń ṣókùnkùn bó bá dìde. Ẹ̀kẹta á sọ ọ́, orí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ẹsẹ̀ ló ń rìn tàgétàgé. Nígbà kan, wọ́n kọ́ wa pé kí a máa béèrè pé irú òòyì wo ni. Àwọn tó wádìí rẹ̀ rí i pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn kì í dúró sójú kan: ẹni tó ní ilé ń yí ní ìsinsìnyí lè ní orí òun fúyẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i. Ohun tí ènìyàn kì í sábà tàsé rẹ̀ ni ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, bó ṣe pẹ́ tó, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó dé, àti ohun mìíràn tó bá a wá. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, ohun tó bá a wá, òun ni mo ń torí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ má wo òòyì nìkan. Ẹ wo àwọn tó kó lẹ́yìn.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ wá bá mi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ni kò ti lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, àga ló ń sùn lé. Bó bá ti yí sí ọ̀tún báyìí, àjà ilé á máa yí bíi ẹ̀rọ ọlọ, á sì fẹ́ bì. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí á fi dáwọ́ dúró. Bó bá gbójú sókè láti gbé nǹkan lórí pẹpẹ, ó tún dé. Wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ta á lọ́fà ni, ó ti gbààwẹ̀, ó ti lọ sórí òkè, ó ti mu àgbo oríṣi mẹ́ta. Mo bi í bóyá apá kan rọ. Ó ní rárá. Ṣé ó ń rí nǹkan ní méjì-méjì? Rárá. Ọ̀rọ̀ ń já geere lẹ́nu rẹ̀, ó tilẹ̀ ń bá mi dúnàádúrà owó àyẹ̀wò. Òòyì yìí dá wá ni, kò kó ẹnikẹ́ni lẹ́yìn.

Inú etí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú lọ́hùn-ún etí wa, ìhà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀pá tín-ín-rín mẹ́ta tó tẹ̀ bí ọrun, omi wà nínú wọn. Àwọn ló ń sọ fún ọpọlọ pé orí ti yí sí ibí, orí ti tẹ̀ sí ọ̀hún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni òkúta wẹ́wẹ́ kan wà, ó kéré ju iyanrìn lọ, kálísíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, tàbí bí ènìyàn bá fi orí gbá nǹkan, díẹ̀ nínú òkúta náà lè já bọ́ sínú ọ̀pá tí kì í ṣe àyè rẹ̀. Bí orí bá ti yí, òkúta á yí, á rú omi náà, ọpọlọ á sì rò pé gbogbo ayé ló ń yí.

Ọkùnrin ará Vienna kan, Robert Bárány, ni ìmọ̀ yìí tọwọ́ rẹ̀ wá jù. Dókítà etí ni. Ó kíyè sí i pé bí òun bá fi omi tútù fọ etí aláìsàn, òòyì á kọ́ ẹni náà. Bí omi bá gbóná jù, òòyì á tún kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á máa já sí òdìkejì. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé etí ni ilé ìdúróṣinṣin ara. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914, nígbà tó jẹ́ pé àtìmọ́lé ogun ló wà ní Rọ́ṣíà. Ní 1952, Margaret Dix àti Charles Hallpike ní Lọ́ńdọ̀nù kọ bí a ṣe ń dá irú òòyì ìyá yìí mọ̀: ẹ yí orí aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dá a dùbúlẹ̀ kíá, kí ẹ wo ẹyinjú rẹ̀. Àfi ìgbà tí John Epley ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà tó mọ bí a ṣe lè fi yíyí orí díẹ̀díẹ̀ da òkúta náà padà sáyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà á gbọ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí mo ṣe fún ìyá elélùbọ́ nìyẹn. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Ó sunkún lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo yẹ̀ ẹ́ wò lé, ó ní ṣé gbogbo òkè tí òun gùn nìyí.

Oríṣi mìíràn wà tó ń ti etí wá. Èyí tí dókítà Faransé kan, Prosper Ménière, ṣàlàyé ní 1861, òun ní ẹlẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ti etí ni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: etí kan á wúwo bí ẹni pé omi wọ̀ ọ́, á máa hó, kò ní gbọ́ràn dáadáa, òòyì á sì lò tó ogún ìṣẹ́jú tàbí wákàtí mélòó kan kó tó lọ. Òmíràn tí kì í ti etí wá a máa bá irú orí fífọ́ kan tí wọ́n ń pè ní migraine rìn, pàápàá lára àwọn obìnrin.

Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín yín níhìn-ín, bí mo ṣe ń wò yín yìí, ni ti ìdìde. Ẹ dìde láti lọ tọ̀ lóru, ojú ṣókùnkùn, ẹ di ògiri mú. Bí ẹni bá dìde tí nọ́mbà òkè nínú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi 20 lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ohun tó fà á nìyẹn. Ó lè jẹ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló pọ̀ jù, ó lè jẹ́ omi ni kò tó lára. Ẹ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná, ẹ mi ẹsẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó nàró. Kí ẹ sì sọ fún dókítà yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fúnra yín dá oògùn náà dúró, nítorí oògùn yẹn ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ rọpárọsẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà tó lo oògùn tí kò sì jẹun, òòyì á kọ́ ọ, á làágùn, á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ tilẹ̀ lè máa lọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò kíákíá.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí èyí tó kó ẹgbẹ́ wá.

Iṣan ńlá mẹ́rin ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Méjì gba iwájú ọrùn, ẹ ó mọ bí wọ́n ṣe ń lù bí ẹ bá fi ìka kàn wọ́n. Méjì gba ẹ̀yìn, inú eegun ọrùn ni wọ́n gbà gòkè. Bí ti iwájú bá dí, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ló ń ṣẹlẹ̀: ẹnu á wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, apá kan á rọ, ọ̀rọ̀ á dojú rú, tàbí kí ojú kan ṣàdédé ṣókùnkùn bí ẹni ta aṣọ bò ó. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìn ni olè tó ń bọ̀ lóru. Òun ló ń bọ́ ọpọlọ ìpàkọ́, ibi tí ìdúró àti ìrìn wà. Bí òun bá dí, òòyì lè jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ó rí. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí ẹ wo ẹgbẹ́ rẹ̀. Òòyì tó mú rírí nǹkan ní méjì-méjì wá. Òòyì tí ahọ́n fi wúwo, tí itọ́ kò ṣe é gbé mì, tí ohùn ṣàdédé há. Òòyì tí ojú apá òsì kò fi mọ nǹkan kan lára mọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò sì mọ ooru yàtọ̀ sí tútù. Òòyì pẹ̀lú òsúkè tí kò lọ. Mo ti rí ọkùnrin kan tí wọ́n ti fún lómi mu tìtorí òsúkè fún ọjọ́ kan gbáko, ọpọlọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń kú lọ.

Ọ̀kan wà tó le láti mọ̀, n kò ní fi pamọ́ fún yín. Ó máa ń jẹ́ pé òòyì dé lójijì, ó ń yí lọ láìdáwọ́ dúró fún wákàtí pẹ́ títí tàbí fún odindi ọjọ́, èébì wà níbẹ̀, apá kò rọ, ẹnu kò wọ́. Ó lè jẹ́ iṣan tó ń gbé ìròyìn láti etí lọ sí ọpọlọ ló wú lẹ́yìn ọ̀fìnkìn. Ó sì lè jẹ́ rọpárọsẹ̀ ọpọlọ ẹ̀yìn. Kódà ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ lè má tíì rí i lọ́jọ́ kìíní. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2009 fi hàn pé dókítà tó mọ bí a ṣe ń yí orí aláìsàn kíá kí ó sì ka bí ẹyinjú rẹ̀ ṣe ń já, lè mọ rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀rọ MRI fò dá. Ṣùgbọ́n nílé, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe. Ẹ ní kí ẹni náà gbìyànjú láti jókòó láìfara ti nǹkan, kí ó sì gbé ẹsẹ̀ mẹ́ta, kí ẹ dúró tì í. Ẹni tí òòyì etí ń ṣe á máa rìn bí ẹni mutí, ṣùgbọ́n yóò rìn. Ẹni tí kò bá lè dá jókòó tàbí dá dúró rárá, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́mísì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí orí fífọ́ tí irú rẹ̀ kò tíì ṣe é rí bá òòyì rẹ̀ wá.

Nípa ti àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ jẹ́ kí n ṣí yín lójú sí nǹkan kan. Bí a bá fura sí ẹnì kan, a máa ń ní kí ó rẹ́rìn-ín kí a wo ẹnu rẹ̀, kí ó na apá méjèèjì síwájú kí a wo èyí tó ń rọ̀ sílẹ̀, kí ó sì sọ̀rọ̀. Àwọn ará ilé á ní kó ka Àdúrà Olúwa, tàbí kó ka Fátíhà. Bó bá kà á já geere, wọ́n á ní kò sí nǹkan. Ohun tí ènìyàn ti ń kà láti kékeré lè máa jáde lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ọ̀nà ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ lánàá. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ sókè, ẹ ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ bá rí àmì, ẹ wo aago. Ìgbà wo ni wọ́n rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ yá? Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, wọn kì í sábà fún ẹni tí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ ti kọjá lórí rẹ̀, ilé ìwòsàn tó ní in nílẹ̀ yìí kò sì pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ wádìí láti òní èyí tó ní ẹ̀rọ àwòrán ọpọlọ nítòsí yín, tó ń ṣiṣẹ́ lóru. Kí ẹ kọ nọ́mbà awakọ̀ kan sára ògiri. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má fún un ní àgbo, ẹ má sín gbẹ́rẹ́ fún un; ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni ohun tí ẹ fún un ń lọ. Ẹ má sáré fún un ní aspirin pẹ̀lú, nítorí rọpárọsẹ̀ mìíràn kì í ṣe pé iṣan dí, pé iṣan bẹ́ ni, ojú lásán kò sì lè mọ̀ ọ́n. N kò bá àdúrà jà. Ẹ gbà á nínú ọkọ̀ bí ẹ ti ń lọ.

Bó bá sì ti lọ kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ńkọ́? Ẹ máa lọ síbẹ̀síbẹ̀. Nínú ènìyàn 10 tó ní rọpárọsẹ̀ kékeré tí kò gba ìtọ́jú, bí ẹyọ kan ni ńlá ń bá láàárín oṣù mẹ́ta, nǹkan bí ìlàjì irú àwọn bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ọjọ́ kẹrin ni ti bàbá mi. Ní 2007, Peter Rothwell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ewu náà ń fi 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Oògùn tí wọ́n lò kì í ṣe tuntun, kò sì ṣọ̀wọ́n: ti ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Kíákíá tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀. Mo ka ìwé yẹn lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bàbá mi ti bọ́. Mo tì í, n kò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni olórí gbogbo rẹ̀. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayọ̀wá Owólàbí ti Ìbàdàn wa níhìn-ín ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n gbé jáde ní 2018, wo àwọn aláìsàn rọpárọsẹ̀ tó lé ní 2,000 ní Nàìjíríà àti Gánà. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ga jù nínú ohun tó fà á. Wọ́n sì rí i pé àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé ló ń kó o jù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro tó wà lẹ́yìnkùlé yín ni mò ń wí.

Wọ́n bi mí ní ìbéèrè mélòó kan. Ìyá kan ní ọmọ-ọmọ òun ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde, ọmọ ọdún mẹ́jọ ni, ṣé ọmọdé náà lè ní i. Bẹ́ẹ̀ ni, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ewu gan-an, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n ń gbé sí ẹ̀bátí orí láti fi mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan ọpọlọ, kí ewu tó dé. Mo sọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é fún un.

Lẹ́yìn náà ni bàbá kan ní ìlà ẹ̀yìn nawọ́. Ó ní òun kò ní ìbéèrè púpọ̀. Ó ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, òòyì kọ́ òun níbi tí òun ti ń mu tíì, kọ́ọ̀pù bọ́ lọ́wọ́ òun, ìyàwó òun ní ẹnu òun wọ́ díẹ̀. Ó ní òun jókòó, ó lọ, òun kò sì sọ fún ọmọ kankan, kí wọ́n má baà dààmú. Ó wá béèrè pé ṣé irú rẹ̀ ni mò ń sọ.

Mo tọrọ àyè lọ́dọ̀ alága. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí tábìlì tí wọ́n gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò lé, 192 ni ti òkè, 108 ni ti ìsàlẹ̀. A pe ọmọ rẹ̀ obìnrin, èmi àti Bàbá sì jọ wọ ọkọ̀ mi lọ nínú òjò. Wọ́n dá a dúró ní ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn. Nígbà tí mo ń kọ èyí, ó ti di ọ̀sẹ̀ kẹta. Ọmọ rẹ̀ pè mí ní àná láti béèrè iye iyọ̀ tí òun lè fi sí ọbẹ̀ Bàbá, nítorí ó ní ó ti ń ráhùn pé ọbẹ̀ kò dùn.